Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ inú láàbù, páálí àti ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fi ń ṣe é

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo búra fún yín pé lẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin tí mo fi páálí ṣe yẹn mi ò ní fọwọ́ kan páálí mọ́, ẹ má bínú, mo ti padà. Lọ́tẹ̀ yìí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni, àwọn tí wọ́n ń sìn sínú ike ní láàbù kí wọ́n lè rí bí kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú (hepatitis) ṣe ń wọlé, bó ṣe ń pọ̀ sí i àti bó ṣe ń jáde. Ike mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn.

Ìwọ̀n ló kọ́kọ́ dá mi lóró. Mo ní kí mílímítà 1 dúró fún nánómítà 10. Kòkòrò mẹ́dọ̀wú B jẹ́ nánómítà 42, ìlẹ̀kẹ̀ mílímítà 4 sì wà nílé, inú mi dùn, àfìgbà tí mo wá ṣírò sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ká sọ pé ó jẹ́ màíkírómítà 20, ó di mítà 2! Mítà méjì, níbo ni màá gbé e sí? Mo bá gba kámú, etí sẹ́ẹ̀lì nìkan ni màá ṣe, bí ẹni bẹ́ èèpo lára igi.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Ike àkọ́kọ́ ti parí, Huh-7 lorúkọ sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀. Ara jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ọkùnrin ará Japan kan tó jẹ́ ẹni ọdún 57 ni wọ́n ti mú un, ọdún 1982 ni wọ́n ròyìn ẹ̀, títí di òní ó ṣì ń pín ara ẹ̀ lọ ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ike yìí ni pé kò sí ìlẹ̀kẹ̀ kan níbẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé 1989 ni wọ́n dá kòkòrò mẹ́dọ̀wú C mọ̀, àmọ́ ọdún gorí ọdún kò gbà kí wọ́n sin òun nínú ike rárá. Ní 1999 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Lohmann, Bartenschlager àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ní Jámánì bá dọ́gbọ́n kan: wọ́n yọ apá tó ń kọ́ aṣọ kòkòrò náà kúrò, wọ́n fi jíìnì tí kì í jẹ́ kí májèlé kan pa sẹ́ẹ̀lì sí ipò ẹ̀, wọ́n kó o sínú Huh-7, wọ́n wá da májèlé yẹn lé gbogbo ẹ̀ lórí. Sẹ́ẹ̀lì tí RNA náà (òwú tí kòkòrò kọ àṣẹ ara ẹ̀ sí) ò bá ti ń ṣẹ̀dà ara ẹ̀ nínú ẹ̀, ó kú nìyẹn. Ọgbọ́n burúkú! Àwọn tó kù, RNA ń pọ̀ nínú wọn ṣùgbọ́n kòkòrò kankan ò lè jáde torí kò láṣọ. Torí náà wáyà pupa tí mo lọ́ kiri ni mo kó sínú ike dípò RNA, mo sì fi gọ́ọ̀mù dí ẹnu ẹ̀ pa.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Ọ̀sẹ̀ kẹta mi ò ṣe nǹkankan, ẹ má bi mí. Omi tí wọ́n fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì máa ń pupa, tí wọn ò bá tètè pààrọ̀ ẹ̀ ó máa di yẹ́lò torí ó ti ń kan, èmi náà bá fi láílọ̀nù yẹ́lò ṣe omi ike kejì kí ojú lè tì mí.

Ike kejì yìí ni ìlẹ̀kẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí jáde. JFH-1, kòkòrò C láti ara aláìsàn ará Japan kan tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ dà rú lójijì. Wakita àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn ní 2005 pé èyí ń pọ̀ nínú Huh-7, ó ń jáde, ó sì ń ran sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì tó gbà á dáadáa ni Huh-7.5 ti láàbù Charles Rice, èyí tí RIG-I ẹ̀, ìyẹn aago ìkìlọ̀ tó máa ń dún tí RNA àjèjì bá wọlé, ti bàjẹ́. Mo so aago kékeré kan mọ́ ọn, mo wá yọ ahọ́n ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Háà, mo jẹ palaba ìyà lọ́sẹ̀ yìí. Ike kẹta, HepG2.2.15: sẹ́ẹ̀lì HepG2 wá láti ẹ̀dọ̀ ọmọkùnrin ọdún 15, ní 1987 wọ́n ròyìn pé àwọn ti gbin DNA kòkòrò B sínú ẹ̀ tó sì ń tú kòkòrò jáde. Mo to píìnì olórí búlúù 40 sí etí sẹ́ẹ̀lì, àwọn ni ilẹ̀kùn tí kòkòrò ń gbà wọlé, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ gbogbo wọn, ó gbẹ, ó dán, mo ya fọ́tò. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló tó yé mi pé HepG2 ò ní ilẹ̀kùn tó ṣeé wọlé! Kòkòrò ń jáde ńbẹ̀, kò sí èyí tó ń wọlé. Ilẹ̀kùn yẹn ń jẹ́ NTCP, iṣẹ́ tiẹ̀ gan-an ni láti máa fa iyọ̀ òróòro wọ inú sẹ́ẹ̀lì, 2012 ni Wenhui Li àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Beijing ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ibẹ̀ ni B ń gbà. Wọ́n fi jíìnì ẹ̀ sínú HepG2, kòkòrò bá wọlé.

Mo fa píìnì 40 jáde níkọ̀ọ̀kan, páálí sì ya. Nígbà tó yá mo wò ó pé ihò yẹn gan-an ni mo nílò, kò sí ilẹ̀kùn, ihò lásán. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ keje

Ike ti di mẹ́rin nìyẹn. HepG2 tó ní NTCP ti gba píìnì búlúù ẹ̀ padà, mo sì da gọ́ọ̀mù omi yí i ká torí pé ní láàbù wọ́n ṣì máa ń fi kẹ́míkà PEG àti DMSO tì í lẹ́yìn kó tó wọlé dáadáa, kò rọrùn bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Láàárín sẹ́ẹ̀lì mo rán òrùka òwú dúdú kan, òun ni cccDNA, DNA roboto tí B máa ń fi pamọ́ sínú kóró sẹ́ẹ̀lì. Oògùn tí aláìsàn ń lò ń dá kòkòrò dúró, òrùka yẹn kì í sábà kúrò. Ìránṣọ onílọ̀ọ́po méjì ni mo ṣe, mo gbìyànjú láti fà á, kò já.

Ó ku mẹ́dọ̀wú D. Òun ò ní aṣọ tiẹ̀, aṣọ B ló ń yá wọ̀, ilẹ̀kùn kan náà ló sì ń gbà, torí náà ike kẹrin gbà á láìsí wàhálà. Nánómítà 36 ni. Ta ló ní ìlẹ̀kẹ̀ mílímítà mẹ́ta ààbọ̀ lọ́wọ́? Mẹ́ta wà, mẹ́rin wà, ààbọ̀ ni mi ò rí.