Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wíńdò tí ẹnikẹ́ni ò rí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ áàpù fún Windows, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń yẹ kóòdù ọ̀kan nínú yín wò, ni mo bá rí ìlà kan tó ní bí x, nọ́ńbà tó ń sọ bí wíńdò ṣe jìnnà sósì tàbí sọ́tùn-ún tó, bá ti wà nísàlẹ̀ òdo, kí áàpù sọ ọ́ di òdo. Ó bí mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé èmi àti ìlà yẹn ti jọ pàdé rí níbi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, àti pé ojú mi rí màbo níbẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, ẹ mọ bọ́tìnnì yín. Ẹni tó ń lo mọ́nítọ̀ méjì lórí tábìlì, tó sì ń gbé laptop nìkan lọ sí ìpàdé, kò yẹ kó máa fi mouse wá wíńdò kiri. Ẹ tẹ Windows àti P láti yan bí skíríìnì yóò ṣe hàn. Windows, Shift àti ọfà òsì tàbí ọ̀tún ló ń gbé wíńdò láti mọ́nítọ̀ kan bọ́ sí èkejì. Èyí tó bá sọnù pátápátá, ẹ fi Alt àti Tab mú un, ẹ tẹ Alt àti Space, ẹ tẹ M, ẹ tẹ ọfà kan, kí ẹ wá mi mouse: wíńdò yóò tẹ̀ lé e jáde. Nínú Settings Windows 11, lábẹ́ Multiple displays, ẹ ó rí ohun tó ń rántí ibi tí wíńdò wà nígbà tí mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní síso. Ẹ tàn án. Ìyẹn tó.

Èkejì, ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà ipò wíńdò túmọ̀ sí. Mọ́nítọ̀ tí ẹ bá fi ṣe àgbà, igun rẹ̀ tó wà lókè lápá òsì ni 0,0. Bí a bá ń lọ sápá ọ̀tún, x ń pọ̀ sí i. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, y ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá gbé mọ́nítọ̀ kejì tó fẹ̀ tó pixel 1920 (pixel ni àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán ojú skíríìnì) sápá òsì àgbà, gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ wà láàárín -1920 àti -1. Àdírẹ́sì gidi ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀ òdo, bíi ti èyíkéyìí mìíràn. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun o, láti Windows 98 ni Windows ti ń gba mọ́nítọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa nígbà náà kò gbà bẹ́ẹ̀.

Áàpù tí àwọn akọ̀wé fi ń tẹ àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà la kọ. Oníbàárà kan wá ń ráhùn pé ó máa ń háńgì fún àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ wọn, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń ti ilé ṣiṣẹ́. Wọn yóò tẹ Save, áàpù yóò dúró gan. Ibi yòówù tí wọ́n bá tẹ̀, yóò kàn dún «tín-ín». Wọn yóò pa á láti inú Task Manager, gbogbo ohun tí wọn kò tíì tọ́jú yóò sì lọ.

Ọ̀gá ní database, ibi tí áàpù ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, ni. Wọ́n tún ibi tó ń bá database sọ̀rọ̀ kọ látòkè délẹ̀, wọ́n fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́. Ìráhùn kò dín. Wọ́n ní mẹ́mórì ni, a tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbẹ́nu sí i ní ìpàdé, mo ní áàpù tó bá háńgì lóòótọ́ kì í dáhùn rárá, Windows yóò kọ Not Responding síbi àkọlé rẹ̀. Èyí tó ń dún «tín-ín» ń gbọ́ wa; wíńdò kékeré kan ló ti ṣí, tó ń retí ìdáhùn, tó sì ti wíńdò ńlá pa. Ọ̀gá bojú wò mí, wọ́n ní, «Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.» Wọ́n gbàgbé pé tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo jókòó.

Ìyá kan láàárín àwọn akọ̀wé náà, tí wọn kò mọ ìlà kóòdù kan, ló já a. Wọ́n pè wá lórí fóònù pé nígbà tó sú àwọn, àwọn tẹ Esc, áàpù sì dá àwọn lóhùn. Mo ní kí wọ́n fi fáìlì settings wọn ránṣẹ́ sí mi. Ipò wíńdò kékeré tó ń béèrè «Ṣé kí n tọ́jú rẹ̀?» wà níbẹ̀: x jẹ́ -1412. Ní ọ́fíìsì, mọ́nítọ̀ wọn kejì wà lápá òsì, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fa wíńdò yẹn sí. Áàpù wa fẹ́ ṣe olóore, ó rántí. Nílé, laptop nìkan ló wà, áàpù sì ń lọ ṣí ìbéèrè náà síbi tí kò sí skíríìnì.

Mo kọ àlàyé, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí wọ́n ti fi ìlà yẹn sí i: bí x bá wà nísàlẹ̀ òdo, sọ ọ́ di òdo. Ìkéde jáde pẹ̀lú orúkọ wọn. Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.

Ìráhùn padà dé ní ìlọ́po méjì. Àwọn tó ní mọ́nítọ̀ lápá òsì lọ́wọ́, tí áàpù wọn wà níbẹ̀, ń rí i tí ìbéèrè ń fò lọ sójú mọ́nítọ̀ mìíràn. Àwọn tí mọ́nítọ̀ kejì wọn wà lápá ọ̀tún, tí x wọn jẹ́ 2300, kò rí ìwòsàn kankan, nítorí 2300 kò sí nísàlẹ̀ òdo. Àwọn tó gbé tiwọn sókè orí àgbà ni y ń dà láàmú, ẹnikẹ́ni kò sì bi y léèrè. Oníbàárà náà kò tún àdéhùn ṣe pẹ̀lú wa mọ́, ìwé tí ọ̀gá kọ sókè sì ní àwọn ọ̀dọ́ kò yẹ iṣẹ́ wò dáadáa. Mo ṣì ní ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò ju ìbéèrè kan lọ. Kí áàpù tó lo ipò tó tọ́jú, ẹ fi í bi MonitorFromRect, àṣẹ Windows tó ń sọ mọ́nítọ̀ tó wà níbi tí ẹ tọ́ka sí, pẹ̀lú MONITOR_DEFAULTTONULL. Bí ó bá dá òfo padà, kò sí mọ́nítọ̀ níbẹ̀, ẹ sọ nọ́ńbà yẹn nù. Bí ó bá dá mọ́nítọ̀ padà pàápàá, ẹ rí i dájú pé ibi àkọlé wíńdò hàn, nítorí pixel kan ṣoṣo tó kan skíríìnì ti tó láti tan yín jẹ. Ní tèmi, wíńdò tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kò yẹ kó ní ìrántí rárá: orí wíńdò tó bí i ni kó máa ṣí sí. Ẹ ṣọ́ra fún -32000 náà. Ibẹ̀ ni Windows ń kó wíńdò tí a rẹ̀ sílẹ̀ sí taskbar (minimize) lọ, GetWindowRect, àṣẹ tó ń sọ ibi tí wíńdò wà lọ́wọ́lọ́wọ́, yóò sì fún yín ní nọ́ńbà yẹn bí ẹni pé ipò gidi ni. GetWindowPlacement, tó ń sọ ipò tí wíńdò yóò padà sí bí a bá tún gbé e dìde, ni kí ẹ bi.

Ẹ má sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní òun kò yọ wáyà. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tó wà lórí DisplayPort, ọ̀kan nínú irú wáyà tí a fi ń so mọ́nítọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, bí a bá kàn pa wọ́n, Windows yóò kà á sí pé a ti yọ wọ́n, yóò sì kó gbogbo wíńdò dà sójú èyí tó kù.

Mo ní nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ sọ, àbí? Ẹ̀kẹta ni mọ́nítọ̀ méjì tí DPI wọn (bí pixel wọn ṣe sún mọ́ra tó) kò dọ́gba, ẹ̀kẹrin ni Wayland, ètò tó ń gbé wíńdò hàn lórí Linux, níbi tí áàpù kò ti ní àṣẹ láti yan ipò wíńdò tirẹ̀ rárá. Wọ́n á dúró ná. Kí ẹ tó fi kóòdù ránṣẹ́ sí mi, ẹ gbé mọ́nítọ̀ kejì sósì, sọ́tùn-ún, sókè. Ẹ pa áàpù, ẹ yọ wáyà, ẹ tún un ṣí. Ẹni tí kò ní mọ́nítọ̀ kejì, kó ṣí fáìlì settings áàpù rẹ̀, kó kọ -5000 síbi x, kó tún áàpù ṣí, kó wò ó bóyá yóò rí i.