Ogún ọdún tí mo ti ń gbé báàgì oògùn tíìmù: ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́ o

Oṣù tó kọjá ló pé ogún ọdún tí mo ti ń gbé báàgì oògùn tíìmù bọ́ọ̀lù sáré wọ pápá. Mi ò ṣe ayẹyẹ kankan, ìyàwó mi ṣáà ro àmàlà, àwọn ọmọ méjì kan tí mo ti di ẹsẹ̀ fún rí pè mí láti òkè òkun, inú mi dùn, ó tán. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí ni nǹkan tí mo rí ní pápá kan ní Ìlọrin níbí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àbúrò wa kan tó ń tọ́jú tíìmù kékeré kan, ọmọ tó já fáfá ni o, ó fa kóró oògùn méjì yọ lápò ṣòkòtò, kò sí páálí, kò sí orúkọ, ó fi lé wíńgà wọn lọ́wọ́ pé "gbé e mì, o máa sáré bí ẹṣin." Ọmọ yẹn ò bi í ní nǹkankan, píọ̀ wọ́tà ló fi gbé e mì. Ara mi tutù níbi tí mo dúró sí, torí èmi gan-an ni mò ń wò yẹn.

Ẹ̀kọ́ méje ni mo fẹ́ kọ síbí. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di ọrùn ẹsẹ̀ tàbí ìgbà tí wọ́n ń lo yìnyín, ẹ ti mọ ìyẹn, ẹ tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ torí ẹ̀yin lọ Yunifásítì.

Ìkíní, ohun tí wọ́n bá bá nínú ìtọ̀ agbábọ́ọ̀lù, òun ló ni ín. Bí àwọn WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, ṣe ṣòfin wọn nìyẹn, ara ẹ ni wọ́n ti rí i, ìwọ ni wàá ṣàlàyé bó ṣe débẹ̀. Ẹ bi Maradona. 1994 ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìdíje àwa àti Argentina náà ni, èyí tí wọ́n fi nà wá 2-1 tí Siasia jẹ góòlù wa, ìtọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti bá ephedrine, wọ́n lé e kúrò ní World Cup, wọ́n tún fún un ní oṣù 15. Ephedrine yìí sì rèé, irú nǹkan tí wọ́n ń pò mọ́ oògùn ọ̀fìnkìn ni.

Ìkejì, trama, ìyẹn tramadol. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, mo mọ pápá tí wọ́n ti ń gbé e mì kí wọ́n tó wọlé kí egungun má baà dùn wọ́n. Láti January 1, 2024 ló ti wọ inú oògùn tí wọ́n fòfin dè lọ́jọ́ ìdíje. Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé oògùn ara ríro lásán ni kó lọ ka list tuntun, ọdọọdún ni wọ́n ń gbé e jáde.

Ìkẹta... ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ̀rọ̀ ọmọ Ajásẹ́ yẹn, torí inú ẹ̀ ni márùn-ún tó kù wà.

Tíìmù kan tí mi ò ní dárúkọ ni mo wà nígbà yẹn, ẹ má da ara yín láàmú. Wíńgà ẹsẹ̀ òsì ni ọmọ náà, Ìgbómìnà, láti Ajásẹ́-Ìpo. Sáà méjì ló bá wa gbá, nínú ìkejì wọ́n jẹ gbogbo wa lówó oṣù márùn-ún, wọn ò tíì san tèmi dòní. Ni tíìmù kan lápá àríwá Áfíríkà bá ní àwọn fẹ́ yá a fún sáà kan. Inú alága wa dùn débi pé ó ń fò, owó ń bọ̀. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó" o, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọmọ yẹn wọ bàálù ni difẹ́ńdà wa kan gbá a lọ́rùn ẹsẹ̀ níbi ìdánrawò, ó wú bí àkàrà inú epo.

Alága pè mí sínú mọ́tò ẹ̀, ó yí gíláàsì sókè, ó ní "Dókítà," èmi tí mo ṣe kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́sàn-án péré, "Dókítà, ẹsẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ fọ̀ kí àwọn òyìnbó yẹn tó yẹ̀ ẹ́ wò." Lárúbáwá ni wọ́n, kì í ṣe òyìnbó, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá a jiyàn. Mo ní yìnyín àti ìsinmi ló kù. Ó ní kí n wá nǹkan míì ṣe. Ibi tí ọgbọ́n mi wá gbé mi dé rèé: mo rántí pé Lasix ni wọ́n ń fún àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ wọn bá wú, wọ́n á tọ̀ tọ̀ tọ̀, ẹsẹ̀ á fọ̀. Ẹsẹ̀ tó wú náà kọ́ nìyí? Mo yà ní kẹ́místì kan lójú ọ̀nà Taiwo, mo rà á, mo fún un ní méjì lójú ẹsẹ̀, mo gé mẹ́fà fún un mú dání. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín dáadáa, kì í tiẹ̀ ṣe oògùn ẹsẹ̀ tí wọ́n gbá.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé oògùn amúnitọ̀ yìí, wọ́n fòfin dè é tọjọ́ ìdíje tọjọ́ ìsinmi, torí ó máa ń sọ ìtọ̀ di omi lásán débi pé oògùn míì á rí ibi fara pamọ́ sí. Àìmọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń dùn mí jù. Gbólóhùn kan tí mo sọ fún un ní gáréèjì lọ́jọ́ tó ń lọ sí Èkó ni. Ó ní "Bọ̀ọ̀dá, tí wọ́n bá bi mí ńkọ́, pé ṣé mo lo oògùn?" Mo ní "sọ pé rárá, kí wọ́n má lọ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́."

Ìdíje àkọ́kọ́ ẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, nọ́ńbà tiẹ̀ ló jáde. Ẹnì kan dúró tì í nínú yàrá títí ó fi tọ̀, wọ́n pín in sí ìgò A àti ìgò B, wọ́n dé e pa, wọ́n wá gbé fọ́ọ̀mù síwájú ẹ̀ pé kó kọ gbogbo oògùn tó ti lò láti bí ọjọ́ méje. Ọmọ náà gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó kọ ọ́ pé kò sí, ó fọwọ́ sí i. Kóró tó kẹ́yìn nínú mẹ́fà yẹn, àárọ̀ ọjọ́ náà ló lò ó.

Ó ṣì ṣeé tún ṣe níbẹ̀ yẹn o. Lẹ́tà wá pé wọ́n bá Lasix nínú ìgò A, wọ́n dá ọjọ́ fún un, pé kó sọ bóyá ó fẹ́ kí wọ́n yẹ ìgò B náà wò, kó sọ bí oògùn ṣe dénú ara òun. Irú oògùn yìí, tí èèyàn bá rí ẹ̀rí mú wá pé òun ò ní i lọ́kàn láti yànjẹ, wọ́n lè dín ìyà ẹ̀ kù gan-an. Rìsíìtì kẹ́místì sì wà lápò mi! Tíìmù tó yá a ti lé e wálé, wọ́n ní kí àwọn tó ni ín dáhùn. Àwa la ni ín. Íméèlì tíìmù ni lẹ́tà bá lọ, akọ̀wé àtijọ́ nìkan ló mọ password ẹ̀, akọ̀wé àtijọ́ sì ti bínú padà sí Ọ̀ffà, ó ní tí wọn ò bá san owó òun òun ò ní sọ ọ́, mi ò dá a lẹ́bi. Ìgbà tí wọ́n fi rí i ṣí, ọjọ́ ti kọjá. Wọ́n pe ìpàdé. Èèyàn mọ́kànlá ló yí tábìlì ká, wọ́n gba àdúrà Mùsùlùmí, wọ́n gba ti Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n pín mítípáì, ẹnì kan ò bèèrè ibi tí oògùn ti wá. Alága wò mí. Èmi wo tábìlì. Lọ́jọ́ kejì ó bọ́ sórí rédíò, ó ní tíìmù òun ò ní fàyè gba ọmọ tó ń lo oògùn olóró. Lasix! Oògùn olóró! Ọdún méjì ni wọ́n fún ọmọ yẹn.

Nígbà tó di 2021, mò ń gbọ́ ìròyìn, wọ́n ní Onana, gólí Kamẹrúùnù tó wà ní Ajax nígbà yẹn, furosemide ni wọ́n bá nínú ìtọ̀ ẹ̀. Furosemide, Lasix náà ni. Ó ní oògùn ìyàwó òun lòun ṣèèṣì lò. Wọ́n fún un ní oṣù 12, wọ́n gbé ẹjọ́ ẹ̀ lọ sí CAS, ilé ẹjọ́ àgbáyé fún eré ìdárayá, wọ́n dín in sí 9, nígbà tó fi máa di 2023 ó ti ń ṣọ́lé fún Inter ní fáìnà Champions League. Kolo Touré náà, 2011, oògùn tí ìyàwó ẹ̀ fi ń dín ara kù ló mu, oṣù mẹ́fà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Man City. Mi ò sọ pé wọn ò jẹ̀bi o. Mo kàn ń sọ pé wọ́n rí ẹni bá wọn dáhùn lẹ́tà.

Ti bọ́ọ̀lù nìkan kọ́. Òlíńpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, eléré orí pápá Nàìjíríà mẹ́wàá ni wọ́n dá dúró, kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára wọn, àwọn tó yẹ kó ṣètò àyẹ̀wò fún wọn nílé kí wọ́n tó lọ ni ò ṣe é tó. Àwọn ọmọ yẹn gbé páálí kiri ní Tokyo pé kí làwọn ṣe. Mélòó nínú àwọn ará ọ́fíìsì ló pàdánù oúnjẹ ẹ̀? Alága tiwa náà, ó ti joyè lẹ́yìn ìyẹn. Mo lọ. Mo jẹ ìrẹsì ẹ̀.

Ọdún kejì tí wọ́n ti fìyà jẹ ọmọ yẹn ni mo tó lè dé Ajásẹ́. Ìyá ọmọ náà ló gbé àga fún mi. Àwọn màmá wọ yàrá, wọ́n mú ọ̀rá dúdú kan jáde, wọ́n da oògùn inú ẹ̀ sórí ẹní, wọ́n ní "Dókítà, ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n ní ọmọ mi mu yẹn, mi ò lè pe orúkọ ẹ̀. Tó bá wà níbí kí n jù ú nù, kí àbúrò ẹ̀ má lọ mú un." Ó wà níbẹ̀. Furosemide 40mg, èyí tí wọ́n ń fún wọn ní ọsibítù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ti lo ìdajì ẹ̀. Ọmọ náà fara ti òpó ẹnu ọ̀nà, ó ń wò mí. Látọjọ́ yìí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ tán, àti ti gáréèjì. Àwọn màmá ò bú mi. Wọ́n kó oògùn wọn padà sínú ọ̀rá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n so ó, wọ́n wá bi mí pé ṣé àwọn ṣì lè máa lò ó.