Kọ́kọ́rọ́ iyàrá ẹ̀yìn: àyẹ̀wò ọdún mi

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Lọ́dọọdún, ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn yìí, mo máa ń jókòó kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀. Ti ọdún yìí wúwo lọ́wọ́ mi, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ní oṣù kejì, Bàbá tó dá ilé iṣẹ́ ọnà wa sílẹ̀ ní Òṣogbo pe gbogbo wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní eékún ń dun àwọn, ojú kò sì ríran dáadáa mọ́, àwọn fẹ́ fa ilé náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ṣì wà láyé láti rí i. Ọdún 19 ni mo ti lò níbẹ̀. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró, ní gbogbo Sátidé, èmi ni mo ń kọ ìwé owó, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ iyàrá ẹ̀yìn wà. N kò ní purọ́: mo rò pé èmi ni wọ́n máa pè.

Kì í ṣe èmi ni wọ́n pè. Ìgbìmọ̀ mú obìnrin kan tí mo fi ọdún 11 jù lọ, tó kàwé nípa ìtọ́jú iṣẹ́ ọnà, tó sì ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ó dùn mí dé egungun. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sọ fún mi kí wọ́n tó kéde rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Títí di òní, mo ṣì gbà pé kò yẹ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo tilẹ̀ ṣe máa pè é? Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí mi ni mo wá máa pè ní Ọ̀gá? Òun fúnra rẹ̀ ló tú mi sílẹ̀. Ó wá bá mi nídìí ìkòkò aró, ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, orúkọ mi ni kí ẹ máa pè. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìwé tí a kọ gbogbo iṣẹ́ tó wà nílé yìí sí.”

Kò sí ìwé kankan. Orí Bàbá ni gbogbo rẹ̀ wà. Díẹ̀ wà lórí èmi náà.

Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ní gbogbo ọ̀sán Túsìdé, àwa méjèèjì la wọ iyàrá ẹ̀yìn. Iṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọnà gbé wá pé kí a bá àwọn tà ló kún ibẹ̀: kánfáàsì, pákó fífín, àdìrẹ tí a ká bí ẹní. Àwọn mìíràn nínú àwọn tó gbé wọn wá ti kú. Ní Túsìdé kejì, a fa kánfáàsì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jáde, ìdajì rẹ̀ wá lé wa lọ́wọ́, ìyókù ti di erùpẹ̀. Ikán. Mẹ́fà ló jẹ tán. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yẹn wà fún ọdún 19, mo sì ń fi í yangàn. Mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún. Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń gbé ìyókù kúrò lórí ilẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ yẹn ni ìbínú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ó kọ́ mi pé pẹ́ńsù ni kí a fi kọ nọ́ńbà sẹ́yìn àwòrán, nítorí yíǹkì bírò máa ń rin kọjá sí iwájú. Èmi náà kọ́ ọ. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ kan jẹ́ alábẹ́là, èyí tí a fi àbẹ́là yíyọ́ ya ọnà sí, mo ní kó yí i padà kó wo ẹ̀yìn. Àbẹ́là máa ń mu aṣọ já, ọnà rẹ̀ á hàn níwájú, á hàn lẹ́yìn. Ẹ̀kọ kì í mu ún já, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ fi máa ń jẹ́ aró lásán. Ó kígbe bí ọmọdé. Iṣẹ́ 187 la kà.

Nígbà tí a kò bá dá iṣẹ́ kan mọ̀, a máa ń gbé e lọ bá Bàbá, wọ́n á fi ọwọ́ pa á lára. Ibẹ̀ ni ìtàn ti ń jáde. Ọmọ ọdún 11 ni wọ́n ní 1962, nígbà tí ilé ọtí Duro Ladipo, òṣèré orí ìtàgé, di Mbari Mbayo, ibùdó iṣẹ́ ọnà àti eré ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Lágbègbè Owerri, ilé amọ̀ tó kún fún ère ni, tí ìlú ń kọ́ fún Àlà, òrìṣà ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, wọn kì í tún un ṣe mọ́, òjò ni yóò wó o. Ará Òṣogbo gbọ́ orúkọ náà, wọ́n sọ ọ́ di Yorùbá: bí mo bá rí i, n bá yọ̀.

Mo ro ọ̀rọ̀ ilé amọ̀ yẹn títí. Denis Williams, ará Guyana, wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọnà ní Mbari Mbayo ní 1962 àti 1963, Georgina Beier kọ́ wọn ní 1964. Ní 1966, Georgina àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, tó bá Ladipo dá Mbari Mbayo sílẹ̀, fi Nàìjíríà sílẹ̀. Duro Ladipo kú ní 1978. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́, Jacob Afolabi, Rufus Ogundele, Twins Seven-Seven, Muraina Oyelami àti Adebisi Fabunmi, bá iṣẹ́ lọ nínú ilé wọn. Jimoh Buraimoh, tó ń tan iná fún ẹgbẹ́ eré Ladipo, sọ ìlẹ̀kẹ̀ di ọ̀dà tirẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó rán mi létí Bisi Silva, tó dá CCA Lagos, ilé iṣẹ́ ọnà òde òní, sílẹ̀ ní Yábàá l'Ékòó ní 2007, tó bẹ̀rẹ̀ Àsìkò, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, ní 2010, tó sì kó ìwé jọ síbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà. Ó kú ní oṣù kejì 2019, ilé náà kò tì. Ó ti kó iṣẹ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn kó tó lọ. Àwa kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyókù ọdún kò gùn. Òrùlé gbọ̀ngàn ṣì ń jò. Owó epo jẹnẹrétọ̀ gba tọwọ́ wa. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ Sátidé ti lè ro ẹ̀kọ fúnra wọn báyìí, wọ́n sì ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà láìjẹ́ pé mo dúró tì wọ́n. Kọ́kọ́rọ́ iyàrá ẹ̀yìn ti di mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ Ọ̀gá (mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ó ti wọ̀ mí lẹ́nu), ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń bá wa ya fọ́tò.

Nínú iṣẹ́ tí a kà, mẹ́sàn-án ló kù tí a kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lórí pákó, ẹyẹ méjì tó kọjú síra. Ọ̀kan jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, irú ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tí ẹni tó ya á fi ewé kékeré mẹ́ta sí igun kan. Bí ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín bá máa ń fi ewé mẹ́ta parí aṣọ, ẹ wá wò ó. A ó ṣílẹ̀kùn ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kìn-ín-ní, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀.