Miranda, ọmọ àwòyanu

Alẹ́ Ọjọ́rú.

Fíìmù ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ni mo wò lálẹ́ yìí. Wọn ò tíì de ọ̀daràn náà lọ́wọ́ tán tí ọlọ́pàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lákàsórí: o lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́, o lẹ́tọ̀ọ́ láti gba lọ́yà. Miranda ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ẹjọ́ Ernesto Miranda tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ lọ́dún 1966. Orúkọ ìdílé ni tirẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti ọmọbìnrin inú eré.

Shakespeare ló sọ ọmọ náà lórúkọ nínú The Tempest, eré tí wọ́n ṣe níwájú Ọba James lọ́dún 1611. Inú èdè Látìn ló ti yọ ọ́: ẹni tó yẹ ká wò kí ẹnu yà wá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Miranda gan-an lẹnu ń yà! Erékùṣù ló dàgbà sí lọ́dọ̀ Prospero bàbá rẹ̀, kò mọ èrò. Lọ́jọ́ tó rí ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ó ní wọ́n mà lẹ́wà o. Lára àwọn tó ń yìn yẹn sì ni àwọn tó gbìmọ̀ gba oyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọmọ ò mayé.

Orí tẹlifíṣàn àti sinimá ti wá sọ orúkọ náà di oríṣiríṣi. Lọ́dún 2006, Meryl Streep ṣe Miranda Priestly nínú fíìmù The Devil Wears Prada, ọ̀gá tí kì í pariwo tí gbogbo ọ́fíìsì fi ń gbọ̀n. Ọdún 2009 ni BBC gbé Miranda, eré apanilẹ́rìn-ín ti Miranda Hart, jáde, tiẹ̀ ò ju kó ṣubú, kó dìde, kó tún ṣubú. Èmi, ti Hart ni mo máa ń wò tán.

Ó tiẹ̀ dé ojú ọ̀run. Gerard Kuiper, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, rí òṣùpá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì Uranus lọ́dún 1948, ó sọ ọ́ ní Miranda. Nígbà tí Voyager 2, ọkọ̀ òfuurufú tí kò gbé èèyàn, kọjá níbẹ̀ ní January 1986, àwòrán tó yà fi hàn pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi 20 kìlómítà.

Àwa náà kúkú ní tiwa, kò gba Látìn. Ìyanu ni ọmọbìnrin inú ìwé aláwòrán Roye Okupe, òun náà ló di eré kàtúùnù lórí Cartoon Network ní April 2025. Ọmọ àbúrò mi tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀ pé òun ni wọ́n wò ṣe é.