Àdàkọ fáìlì oníhò: ibi tí iṣẹ́ dé

Ìlọrin, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ètò kékeré tí yóò máa ṣe àdàkọ fáìlì lórí Linux láìdí ihò inú rẹ̀ ni mo ṣì ń kọ. Fáìlì tó bí iṣẹ́ náà ni díìsìkì kọ̀ǹpútà àfarawé tí mo fi ń dánra wò: ls -l, àṣẹ tó ń fi gígùn fáìlì hàn, pè é ní 20 GB, ṣùgbọ́n du, èyí tó ń ka àyè tí fáìlì gbà lórí díìsìkì, ní 3 GB péré ni ó gbà. Ihò ni ìyókù, ìyẹn ibi tí a kò kọ nǹkan kan sí, tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux, kò sì ya àyè sọ́tọ̀ fún. Ẹni tó bá kà á yóò bá òdo níbẹ̀. Àdàkọ mi àkọ́kọ́ ka òdo wọ̀nyẹn, ó sì kọ gbogbo wọn sílẹ̀ bíi dátà, títí díìsìkì ìta mi, tí 12 GB ṣẹ́kù nínú rẹ̀, fi kún. Ahunṣọ òfì tó mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò sínú aṣọ kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá a dí i.

SEEK_DATA àti SEEK_HOLE ni mo wá yí sí. Solaris, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, ló kọ́kọ́ ní wọn, wọ́n sì wọ Linux 3.1 ní 2011. Mo ń fi wọ́n bi kernel léèrè ibi tí dátà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ihò ti tẹ̀ lé e, mo ń ṣe àdàkọ ohun tó wà láàárín, mo sì ń fo ihò, títí yóò fi dáhùn pé ENXIO: kò sí dátà níwájú mọ́. copy_file_range ni mo fi ń ṣe àdàkọ náà nínú kernel, ṣùgbọ́n n kò fa odindi fáìlì lé e lọ́wọ́, nítorí ó lè dí ihò.

Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí iná dé. du tọ̀nà, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà àfarawé náà kò gbéra. Nígbà tí mo wo ls -l, 17 GB ni mo bá! Ihò ìparí fáìlì ni mo sọ nù: níwọ̀n bí kò ti sí dátà lẹ́yìn rẹ̀, ètò mi ti dúró kí ó tó kọjá rẹ̀. Alẹ́ méjì ni mo fi wá a, ìlà kan ṣoṣo ló sì tún un ṣe, ftruncate, àṣẹ tó ń sọ gígùn fáìlì di iye tí a bá fẹ́, tí mo fi sí gígùn fáìlì àtilẹ̀wá. Báyìí, cmp, tó ń fi fáìlì méjì wéra, dákẹ́ nítorí kò rí ìyàtọ̀, du sì ń ka 3 GB lọ́tùn-ún lósì.

Ó ku flash mi oní-FAT32, ìlànà ìtọ́jú fáìlì àtijọ́ kan. Kò mọ ihò, kò sì lè gba fáìlì tó tó 4 GB, nítorí náà ètò mi yóò kọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì sọ ìdí.