Kí o tó lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ ọ́

Mátíù 18:15 sọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀: ìwọ àti òun nìkan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún, ẹni mẹ́ta ti gbọ́ (a ní kí wọ́n bá wa fi sádùúrà ni!). Ẹsẹ 16 ló mú ẹni kan tàbí méjì wọlé. Ìjọ ló kẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ ìwọ lo ṣẹ̀, Mátíù 5:23-24 ní kí o fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí o kọ́kọ́ lọ parí ìjà. Dárúkọ ohun tí o ṣe: "Mo parọ́ mọ́ ọ." "Tí mo bá ṣẹ̀ ọ́, má bínú" kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ìdáríjì àti pípadà kì í sì í ṣe ohun kan náà: ẹni tí wọ́n ń lù nílé lè dárí ji ẹni tó ń lù ú láì tíì padà sílé náà.