Ẹ Kọ́kọ́ Di Ọwọ́ Yẹn Mú Ná: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Ìka Tó Ń Dunni

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kílíníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ dídùn ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ní Iléṣà níbí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ọjọ́ kílíníìkì kan kọjá kẹ́nì kan má jókòó síwájú mi kó na ìka sí mi pé "dókítà, ọwọ́ yìí ò jẹ́ kí n gbádùn", wọ́n á sì ti fún un lórúkọ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi: làkúrègbé. Kẹ́mísítì pè é ní làkúrègbé, àwọn ará ilé pè é ní làkúrègbé, tá ò bá ṣọ́ra àwa náà á kàn yí i sí Gẹ̀ẹ́sì lórí fáìlì, a ó kọ "arthritis", a ó kọ oògùn ìrora sí i, ó tán. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń jẹ́ làkúrègbé yẹn lè tó oríṣi mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, ìtọ́jú wọn ò sì jọra rárá.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó ń dùn mí dòní. Ọdún kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, aránṣọ kan wá, ọmọ ọdún 32. Ó ní tóun bá jí láàárọ̀ òun ò lè di sísọ́ọ̀sì mú, pé ó máa ń tó aago mẹ́wàá kí ìka òun tó ṣeé ká. Èrò pọ̀ níta lọ́jọ́ yẹn, mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ọwọ́ ẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, mo wò ó láti ibi tí mo jókòó sí, mo ní iṣẹ́ ìránṣọ ló fà á, mo kọ diclofenac, oògùn ìrora, fún un. Ó padà wá lẹ́ẹ̀mejì, oògùn kan náà ni mo tún kọ. Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn ìgbà yẹn kí ọ̀gá mi tó rí i. Ọ̀gá ò bá mi wí o, ó kàn fi àtàǹpàkò ẹ̀ méjèèjì tẹ oríkèé ìdí ìka obìnrin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí ìka ti bá àtẹ́lẹwọ́ pàdé, ó wá ní kí èmi náà tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tó ti mumi, ó gbóná, obìnrin yẹn sì fa ọwọ́ ẹ̀ yọ pẹ̀lú omi lójú. Àwọn ìka ẹ̀ ti ń wọ́ lọ sápá ìka kékeré. Rheumatoid arthritis ni. Gbogbo àsìkò tí oògùn gidi ìbá ti máa ṣiṣẹ́, diclofenac tí mo kọ ló ń gbé mì.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Nínú rheumatoid, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń bá awọ inú oríkèé jà, tí wọ́n bá sì ti jẹ eegun, eegun yẹn kì í padà bọ̀ sípò. Oògùn bíi methotrexate lè dá a dúró, àmọ́ tá a bá tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló ń ṣe é dáadáa (ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó o, ẹ kọ orúkọ ọjọ́ tó máa lò ó sára páálí oògùn yẹn gàdàgbà, torí ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́, ó lè pa á). Osteoarthritis, ìyẹn oríkèé tó ń gbó, ò rí bẹ́ẹ̀. Òun kì í yára, kò ní oògùn tó lè dá a dúró, ohun tá a lè ṣe ni ká mú ìrora fúyẹ́ ká sì jẹ́ kí ọwọ́ ṣì wúlò. Tẹ́ ẹ bá wá pe ọ̀kan ní èkejì, ẹnì kan ń pàdánù ìka, ẹnì kejì ń gbé oògùn líle tí ò kàn án mì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ má tíì yọ fọ́ọ̀mù tẹ́ẹ̀sì. Ẹ di ọwọ́ náà mú, méjèèjì, ẹ ní kó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka síbi tó ń dùn ún jù. Ohun tó bá fi ìka yẹn tọ́ka sí ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún yín. Osteoarthritis ní ibi tó fẹ́ràn: oríkèé tó kẹ́yìn lẹ́bàá èékánná, oríkèé àárín ìka, àti ìdí àtàǹpàkò nísàlẹ̀ pátápátá níbi tó ti so mọ́ ọrùn ọwọ́. Rheumatoid ní tiẹ̀, oríkèé ìdí ìka àti ọrùn ọwọ́ ló sábà máa ń mú, ó máa ń mú oríkèé àárín ìka náà, ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kì í sábà yọ oríkèé ẹ̀bá èékánná lẹ́nu. Ẹ rí i pé oríkèé àárín ìka wà níhà méjèèjì, ibẹ̀ ni ojú nìkan ti ń tan èèyàn jẹ, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Kókó osteoarthritis le bí òkúta, eegun ló hù níbẹ̀. Wíwú rheumatoid ń rọ̀, ó ń yọ̀ lábẹ́ ìka yín. Ẹ tún béèrè pé láàárọ̀, ó máa ń tó ìgbà wo kí ọwọ́ tó là? Ti osteoarthritis kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kó tó fi omi gbígbóná wẹ̀ tán ó ti ń lọ, iṣẹ́ ló wá ń mú ìrora padà bọ̀ lọ́sàn-án. Ti rheumatoid lè tó wákàtí kan sókè, tó bá sì lo ọwọ́ ẹ̀ ara ẹ̀ á máa yá díẹ̀. Aránṣọ mi yẹn sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara ẹ̀ pé aago mẹ́wàá. Mo gbọ́ ọ, mi ò fetí sí i.

Kókó ẹ̀bá èékánná yẹn, Heberden ni wọ́n fi sọ ọ́, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ẹ̀ jáde lọ́dún 1802 lẹ́yìn tó ti kú. Ohun tó wú mi lórí ni pé àtìgbà yẹn ló ti sọ ọ́ pé kókó yìí ò bá gout tan, ìyẹn àrùn oríkèé tí uric acid tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń fà, pé àwọn tí ò ní gout rí náà ń ní in. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ìyàtọ̀ yìí kan náà lòun náà ń ṣe. Ti oríkèé àárín ìka, Bouchard ni wọ́n fi sọ ìyẹn, ará Faransé. Ẹ má wulẹ̀ há orúkọ sórí torí ìdánwò nìkan, ẹ há ibi tó ń wà sórí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn tẹ́ẹ̀sì, ẹ gbọ́ èyí. Ìlànà tí American College of Rheumatology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1990 láti fi dá osteoarthritis ọwọ́ mọ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀, kò sí ẹkisiréè nínú ẹ̀. Ọwọ́ tó ń dunni tàbí tó ń gan, oríkèé tó le tó sì tóbi, oríkèé tó wọ́, àti pé kí oríkèé ìdí ìka tó wú má pé mẹ́ta. Ojú àti ọwọ́ dókítà ni gbogbo ẹ̀. Àwọn EULAR, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, náà sọ lọ́dún 2009 pé ẹni tó ti lé lógójì ọdún tí gbogbo àmì bá bára mu, ẹ lè sọ ọ́ láì ya fọ́tò kankan. Ẹ ro ti mama tó wọkọ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà pẹ̀lú owó tí ò pọ̀ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ ní kó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìka ẹ̀.

Torí tẹ́ẹ̀sì lè ṣini lọ́nà. Mo rí mama kan tó ń ta gàárì ní ọjà Àtàkúnmọ́sà, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, níbòmíì ni wọ́n ti ṣe tẹ́ẹ̀sì rheumatoid factor fún un, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá rheumatoid, ó pọ̀ díẹ̀, wọ́n ti sọ fún un pé àìsàn tó máa sọ ọ́ di arọ ni. Ó gbé páálí oògùn dání, ẹ̀rù sì hàn lójú ẹ̀. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Kókó méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná, le koko, bí ìgbà téèyàn ń tẹ ẹ̀kùrọ́. Oríkèé ìdí ìka ẹ̀ tutù, kò wú, mo fún un pọ̀ kò tiẹ̀ mira. Ìdí àtàǹpàkò ẹ̀ ti yọ igun síta, mo di àtàǹpàkò yẹn mú mo rọra tì í wọlé mo sì yí i, ó ní "họ́wù, ibẹ̀ gan-an nìyẹn!" Ó ní tóun bá fẹ́ fún aṣọ tàbí ṣí ìdérí ìgò ló máa ń dùn jù, tí òun bá sì gún iyán lálẹ́, òun ò ní lè fi kọ́ńgò wọn gàárì lọ́jọ́ kejì. Ìyá ẹ̀ náà ní irú ìka yẹn. Àgbàlagbà tí ara ẹ̀ le lè ní rheumatoid factor nínú ẹ̀jẹ̀, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ míì náà sì ń gbé e sókè. Osteoarthritis ni mama ní.

Àwọn yòókù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn àmọ́ ẹ fi wọ́n sọ́kàn. Ẹ yẹ èékánná wò kẹ́ ẹ tó fi ọwọ́ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i tó ní ihò wínníwínní, tí ìka kan sì wú látòkè délẹ̀, ẹ wo ìgúnpá, orúnkún àti orí bóyá psoriasis, àrùn awọ tó ń hu ìpẹ́, wà níbẹ̀, irú arthritis yẹn náà máa ń mú oríkèé ẹ̀bá èékánná. Ẹ béèrè oògùn BP, torí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn tọ̀ lè gbé uric acid ga, gout á wá jókòó sórí kókó àtijọ́ mama, ìka tó ti ń dùn ún pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ látọdún yìí wá á déédéé pọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ ó sì rò pé osteoarthritis náà ni. Ìka tó há tó wá ta pàá bẹ́ ẹ bá nà án, iṣan ló há nínú àtẹ́lẹwọ́, kì í ṣe oríkèé, ẹ yẹ ṣúgà ẹ̀ wò. Ìyá ọmọ tuntun tó ń dùn lókè ọrùn ọwọ́ lápá àtàǹpàkò torí gbígbé ọmọ, ẹ ní kó ká àtàǹpàkò sínú ẹ̀ṣẹ́ kó rọra tẹ ọrùn ọwọ́ sápá ìka kékeré, tó bá pariwo, de Quervain ni, àtọdún 1895 ni dókítà Switzerland kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣàlàyé ẹ̀. Ọmọdé tí ò tíì pé ọdún méjì tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ẹ ronú sickle cell. Ọmọge tí ìka ń dùn, tí irun ń já, tí nǹkan sọ sí i lójú, ẹ ronú lupus, àìsàn míì tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń bá ara jà. Oríkèé kan ṣoṣo tó gbóná janjan pẹ̀lú ibà, ẹ má jẹ́ kó sùn sílé lọ́jọ́ yẹn.

Àti ẹni tí ìkòkò jó lọ́wọ́ tí ò mọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ tí ò mọ gbígbóná mọ́, tí ìka kékeré ń ká wọlé, ẹ tẹ iṣan ìmọ̀lára ẹ̀yìn ìgúnpá wò bóyá ó ti nípọn. Ẹ̀tẹ̀ ṣì wà. Ọ̀fẹ́ loògùn ẹ̀, ojú tì wọ́n ni wọn ò fi ń wá, ẹ má sì jẹ́ kí ojú yín lé wọn lọ.

Ẹ tún máa béèrè ohun tí wọ́n ti lò, pẹ̀lú pẹ̀lẹ́tù. Oògùn tí wọ́n dà pọ̀ sínú bébà, àgbo tó ń ṣiṣẹ́ bí idán lọ́jọ́ kan, dexamethasone lè wà níbẹ̀, á ti mú wíwú lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ó sì tẹ ìka ẹ ò ní bá nǹkan kan.

Mama onígàárì, mo gba páálí yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Mo fún un ní diclofenac tí wọ́n ń fi pa ara, torí BP ẹ̀ ga, mi ò fẹ́ kó máa gbé oníhóró mì, kíndìnrín àti inú ẹ̀ ló máa san owó ẹ̀. Mo ní kó fi àkísà wé ìdí ọ̀bẹ kó nípọn, kó fi ọmọ odó sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ, kó máa ti ọwọ́ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀, a sì bá a wá ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí àtàǹpàkò. Ó bi mí ṣé omi tútù ló fà á. Mo ní rárá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi ṣe òun. Mo ní mama, ìyá yín ló fi irú ìka yìí sílẹ̀ lógún fún yín, ó sì fi í tọ́ yín dàgbà. Ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó máa padà wá, ó mú ọmọ ẹ̀ obìnrin dání, onídìrí ni ní Lágéré ní Ifẹ̀, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Mama ní "ó ti bẹ̀rẹ̀ lára òun náà, dókítà, ẹ kọ oògùn tèmi fún un." Mo gbé ọwọ́ ìyá lé tábìlì, mo gbé tọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kókó kan wà lóòótọ́ lórí ìka tọmọ, kékeré. Mo ní kó tọ́ka síbi tó ń dùn ún. Kò tọ́ka sí kókó yẹn rárá. Ó fi ọwọ́ pa àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e, ó ní ó ń kú tipiri lóru, bíi kí eèrà máa rìn nínú ẹ̀, òun á dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. "Kí lẹ ń ṣe tó bá ṣe bẹ́ẹ̀?" Ó gbọn ọwọ́ nù bí ẹni tó ń gbọn omi lẹ́yìn tó fọ abọ́ tán. Mo ní ìka kékeré ńkọ́? Ó ní ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Mo ní kó tẹ ọrùn ọwọ́ méjèèjì wá sílẹ̀ kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọwọ́, mo wo aago, a ò tíì dé ogójì ìṣẹ́jú àáyá tó fi ní "ó ti dé." Iṣan ìmọ̀lára tó ń gba ọrùn ọwọ́ kọjá ló fún mọ́ ọn níbẹ̀, carpal tunnel. Mo yẹ ìdí àtàǹpàkò ẹ̀ wò, ẹran ibẹ̀ ò tíì jò, mo ní kí wọ́n yẹ ṣúgà àti táírọ́ìdì ẹ̀ wò, mo sì kọ bẹ́líìtì ọrùn ọwọ́ fún un, èyí tó máa fi sùn lóru kí ọwọ́ ẹ̀ lè dúró gbọọrọ.